Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Delta Force, Ẹgbẹ́ Ọmọ Ogun Tí Amẹ́ríkà Kì í Fẹ́ Dárúkọ

Nígbà tí a ní kí ẹ kọ ìbéèrè ránṣẹ́ lórí àwọn ọmọ ogun àkànṣe tí ń kojú àwọn agbésùnmọ̀mí, tí wọ́n sì ń dóòlà àwọn tí wọ́n wà nígbèkùn wọn, Delta Force ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ọ̀pọ̀ yín dárúkọ. Nítorí náà, òun ni a gbájú mọ́, a sì mú márùn-ún nínú àwọn ìbéèrè náà.

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ ogun Amẹ́ríkà pọ̀ bí eéṣú. Kí ló dé tí wọ́n tún fi dá ẹgbẹ́ mìíràn sílẹ̀ nítorí irú iṣẹ́ yìí?

Ìdáhùn: Ẹni tí ó kọ́kọ́ tẹnu mọ́ ọn ni Charles Beckwith, tí ó di kọ́nẹ́ẹ̀lì lẹ́yìn náà. Ní ọdún 1962, wọ́n rán an lọ sọ́dọ̀ SAS, ẹgbẹ́ ọmọ ogun àkànṣe ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí ó bá wọn ṣiṣẹ́, ohun tí ó sì rí lọ́dọ̀ wọn kò kúrò lọ́kàn rẹ̀ mọ́: àwọn ọmọ ogun tí kò pọ̀, tí a fi ìṣọ́ra ṣà, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn lè pinnu ohun tó yẹ láìsí pé ọ̀gá dúró tì í. Nígbà tí ó padà sílé, ó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí àwọn aláṣẹ pé Amẹ́ríkà nílò irú wọn, ṣùgbọ́n ó ju ọdún mẹ́wàá lọ kí ẹnikẹ́ni tó dá a lóhùn. Lójú àwọn ọ̀gá, àwọn ọmọ ogun àkànṣe tí wọ́n ti ní tẹ́lẹ̀ ti tó. Bẹ́ẹ̀ sì ni iṣẹ́ tí a dìídì dá àwọn yẹn sílẹ̀ fún ni kí wọ́n máa kọ́ àwọn jagunjagun ilẹ̀ mìíràn ní ogun jíjà.

Ìpayà àwọn ọdún 1970 ló yí ọ̀rọ̀ padà. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1972, àwọn agbésùnmọ̀mí mú àwọn ọmọ Ísírẹ́lì tí wọ́n wá síbi ìdíje Òlíḿpíìkì ní ìlú Munich, àwọn mọ́kànlá ló sì kú: wọ́n pa méjì níbẹ̀rẹ̀, mẹ́sàn-án yòókù sì kú nígbà tí àwọn ọlọ́pàá Jámánì, tí kò ní ìmọ̀ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, gbìyànjú láti dóòlà wọn. Jámánì kọ́gbọ́n, ó dá ẹgbẹ́ ọlọ́pàá àkànṣe tí wọ́n ń pè ní GSG 9 sílẹ̀, nígbà tí ó sì di oṣù Kẹwàá ọdún 1977, GSG 9 wọ inú bàálù Lufthansa tí wọ́n já gbà lọ sí Mogadishu, wọ́n sì kó gbogbo èrò inú rẹ̀ jáde láàyè. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e ni wọ́n dá Delta sílẹ̀ ní Fort Bragg, ní ìpínlẹ̀ North Carolina. Beckwith sọ fún wọn pé ọdún méjì ni òun yóò fi kọ́ ẹgbẹ́ náà kí ó tó dáńgájíá.

Ìbéèrè: Bí wọ́n bá gbójú tó bí a ṣe ń gbọ́ ọ, kí ló fà á tí iṣẹ́ tí wọ́n lọ ṣe ní Ìráàn ní ọdún 1980 fi forí ṣánpọ́n? Bàbá mi máa ń sọ pé ẹ̀rù ló bà wọ́n.

Ìdáhùn: Ẹ bá wa kí bàbá, ṣùgbọ́n ẹ̀rù kọ́. Àwọn ọmọ Delta kò tilẹ̀ dé ìlú tí wọ́n ń lọ. Ohun tí ó gbé wọn lọ ló já wọn kulẹ̀.

Ní ọjọ́ 4 oṣù Kọkànlá ọdún 1979, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gba ilé iṣẹ́ aṣojú ìjọba Amẹ́ríkà ní Tehran, wọ́n sì mú àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ní ìgbèkùn. Nígbà tí yóò fi di oṣù Kẹrin ọdún 1980, àwọn mẹ́tàléláàádọ́ta ló kù lọ́wọ́ wọn. Ètò tí Amẹ́ríkà ṣe láti kó wọn jáde jẹ́ ti òru méjì. Ní òru kìíní, àwọn bàálù ńlá yóò gbé Delta àti epo lọ sí ibì kan nínú aginjù Ìráàn tí wọ́n fún ní orúkọ Desert One. Hẹlikọ́pítà mẹ́jọ yóò gbéra láti orí ọkọ̀ ojú omi Nimitz, wọn yóò pàdé wọn níbẹ̀, wọn yóò rọ epo, wọn yóò sì gbé Delta lọ fara pamọ́ sí tòsí Tehran. Ní òru kejì, wọn yóò fi ọkọ̀ ilẹ̀ wọ ìlú, wọn yóò fo ògiri ilé iṣẹ́ náà, hẹlikọ́pítà yóò sì wá gbé gbogbo wọn ní pápá ìṣeré tó wà ní òdìkejì títì. Wọ́n ti ṣírò rẹ̀ pé bí hẹlikọ́pítà bá dín sí mẹ́fà, iṣẹ́ náà kò ní ṣeé ṣe.

Ìkìlọ̀ wá nínú ọ̀kan pé abẹ̀bẹ̀ orí rẹ̀ ti sán, wọ́n sì fi í sílẹ̀ sínú aginjù. Eruku lẹ́búlẹ́bú tí ó dúró sójú òfurufú bí ìkúùkù bo àwọn tó kù, awakọ̀ ọ̀kan kò rí iwájú mọ́, ó sì yí padà. Ẹ̀kẹta dé Desert One, ṣùgbọ́n apá kan nínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń darí rẹ̀ ti kọṣẹ́. Ó wá ku márùn-ún. Wọ́n bi Beckwith bóyá ó lè dín àwọn ènìyàn rẹ̀ kù kí iṣẹ́ máa lọ, ó kọ̀, Ààrẹ Carter sì fọwọ́ sí i pé kí wọ́n padà. Ibi ìpalẹ̀mọ́ àtipadà ni àjálù ti ṣẹlẹ̀: hẹlikọ́pítà kan gbéra díẹ̀ láti yí ibi tó wà padà nínú òkùnkùn àti eruku, ó kọlu bàálù kan tí epo wà nínú rẹ̀, àwọn mẹ́jọ sì jóná kú. Márùn-ún nínú wọn jẹ́ ọmọ ogun ojú òfurufú, mẹ́ta jẹ́ Marine, ẹ̀ka ọmọ ogun Amẹ́ríkà tí ń ti orí omi bọ́ sórí ilẹ̀ jà. Kò sí ọmọ Delta kankan nínú wọn.

Àwọn Yorùbá ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ilé gan-an ni ọ̀ràn yìí ti wọ́. Hẹlikọ́pítà jẹ́ ti àwọn ọmọ ogun orí omi, èyí tí wọ́n ń lò fún kíkó bọ́ǹbù tí wọ́n rì sínú omi kúrò. Marine ló pọ̀ jù nínú àwọn tó wà á. Bàálù jẹ́ ti àwọn ọmọ ogun ojú òfurufú. Delta sì jẹ́ ti àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀. Nítorí kí àṣírí má bàa tú, wọn kò pé jọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti fi gbogbo ètò náà dánra wò látìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìgbìmọ̀ tí Ọ̀gágun orí omi James Holloway darí láti wádìí ọ̀rọ̀ náà tọ́ka sí èyí. Lójú tiwa, ìlà yẹn nìkan nínú ìwádìí náà wúlò ju gbogbo ìtàn akọni tí à ń gbọ́ nípa Delta lọ. Kí ọdún 1980 tó parí, wọ́n ti dá ọ́fíìsì àpapọ̀ kan sílẹ̀ tí àwọn ẹgbẹ́ bíi Delta wà lábẹ́ rẹ̀, wọ́n sì kó àwọn awakọ̀ hẹlikọ́pítà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ òru fífò nìkan jọ. Àwọn awakọ̀ yìí ni à ń pè ní ọmọ ogun 160th lónìí. Ní ti àwọn tó wà nígbèkùn, ọjọ́ 20 oṣù Kìíní ọdún 1981 ni Ìráàn dá wọn sílẹ̀, lẹ́yìn ọjọ́ 444.

Ìbéèrè: Báwo ni wọ́n ṣe ń yan ọmọ ẹgbẹ́, báwo sì ni wọ́n ṣe ń mọ ẹni tí wọn yóò yìnbọn fún nínú yàrá tó ṣú dùdù?

Ìdáhùn: Ìrìn ni wọ́n fi ń yàn wọ́n. Olùdíje yóò gbé ẹrù wúwo kọ́ ẹ̀yìn, yóò mú àwòrán ilẹ̀ àti kọ́ńpáàsì dání, yóò sì dá rìn lórí òkè àti nínú igbó. Ìrìn tó kẹ́yìn tó nǹkan bí ogójì máìlì. Wọn kì í sọ iye wákàtí tó gbọ́dọ̀ lò fún un, ẹnikẹ́ni kì í yìn ín, wọn kì í sì í bá a wí. Ó dà bí ẹni pé àìmọ ìgbà tí yóò tó yìí le ju ẹrù ẹ̀yìn lọ.

Ní ti yàrá, ojú kọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò, ọwọ́ ni, nítorí ọwọ́ ló ń mú ìbọn. Wọ́n máa ń gba ọ̀nà tó ju ẹyọ kan lọ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ju bọ́ǹbù kékeré kan tí kò wà fún pípa ènìyàn, ṣùgbọ́n tí ìmọ́lẹ̀ àti ariwo rẹ̀ ń dààmú ẹni fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Ẹ má sì jẹ́ kó yà yín lẹ́nu bí ẹ bá gbọ́ pé wọ́n de ọwọ́ àwọn tí wọ́n wá dóòlà. Ní ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún ọdún 1980, nígbà tí SAS gba ilé iṣẹ́ aṣojú Ìráàn ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù padà, wọ́n dá gbogbo ẹni tó jáde dojú bolẹ̀ sórí koríko, wọ́n sì dè wọ́n. Àárín wọn ni agbébọn kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù fara pamọ́ sí.

Ìbéèrè: Bí àwọn agbébọn bá mú ènìyàn ní Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ṣé Delta ni wọn yóò pè?

Ìdáhùn: Rárá, lọ́pọ̀ ìgbà. Òfin kan tí wọ́n ṣe ní ọdún 1878 kò gbà kí àwọn ọmọ ogun máa ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá láàárín ìlú, àyàfi bí òfin mìíràn bá yọ̀ǹda rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí FBI, àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, fi dá ẹgbẹ́ ìdóòlà tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1983.

Ìbéèrè: Ǹjẹ́ Delta tilẹ̀ ti dóòlà ẹnikẹ́ni rí?

Ìdáhùn: Bẹ́ẹ̀ ni. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1989, bí ogun Panama ṣe ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n sọ̀ sórí òrùlé ẹ̀wọ̀n Modelo, wọ́n sì mú ọmọ Amẹ́ríkà kan tó wà níbẹ̀ jáde. Ìbọn ba hẹlikọ́pítà tó gbé e, ó já sílẹ̀ sójú títì, síbẹ̀ ọkùnrin náà yè é. Àwọn ọmọ 160th tí a mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan ló wà wọ́n lọ.

Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹwàá ọdún 2015, àwọn ọmọ Delta àti àwọn ọmọ ogun Kọ́díìsì (ẹ̀yà Kurd) wọ ẹ̀wọ̀n kan tó wà lọ́wọ́ ISIS nítòsí Hawija, ní Ìráàkì, wọ́n sì kó nǹkan bí àádọ́rin ènìyàn jáde. Ìròyìn tí wọ́n gbọ́ ni pé wọ́n fẹ́ pa àwọn tó wà níbẹ̀. Ọmọ Delta kan, Joshua Wheeler, kú níbi iṣẹ́ náà. Nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà kéde ikú rẹ̀, ohun tí wọ́n kọ ni pé òṣìṣẹ́ olú ilé iṣẹ́ àwọn ọmọ ogun àkànṣe orí ilẹ̀ ni. Wọn kò kọ Delta síbẹ̀.