Ohun Tí A Fi Ṣe Aṣọ Cosplay Ni Kó O Fi Pín In

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Aṣọ cosplay (aṣọ tí a fi ń múra bí ẹ̀dá inú ìtàn) mẹ́jọ ni mo ní, yàrá kan ṣoṣo ni mo sì ń gbé. Àpótí ike kan ni mo yà sọ́tọ̀ fún aṣọ kọ̀ọ̀kan. Aṣọ, wíìgì, bàtà àti ìhámọ́ra rẹ̀, inú ibẹ̀ náà ni mo ń dì wọ́n sí, màá sì kọ orúkọ ẹ̀dá ìtàn yẹn sí ara àpótí. Mo rò pé mo wà létò ni. Nígbà tí mo ṣí ọ̀kan lẹ́yìn ọdún kan ó lé, ìhámọ́ra fóòmù ti tẹ́ pẹrẹsẹ, ara bàtà dúdú dídán ti ń bó, wíìgì ti di ìtẹ́ ẹyẹ, òórùn tó jáde níbẹ̀ kò sì ṣeé fẹnu sọ. Kí ni kí n ṣe? Kò sí àyè fún kọ́bọ́ọ̀dù tuntun o.

Ìdáhùn: Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́. Iṣẹ́ ìtọ́jú aṣọ eré orí ìtàgé ni mo ń ṣe, àwọn tó fẹ́ràn ètò ni mo sì máa ń rí àṣìṣe yìí lọ́wọ́ wọn jù. Ọ̀lẹ kì í di aṣọ sínú àpótí. Ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn ló máa ń fi í kọ́ sí, atẹ́gùn a sì máa fẹ́ sí i níbẹ̀.

Ìwọ kó wọn pọ̀ nítorí pé ẹ̀dá kan náà ló ń wọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n fóòmù kò mọ ẹni tó ń wọ òun. Ohun tó ń ba fóòmù jẹ́ kọ́ ló ń ba awọ àtọwọ́dá jẹ́, èyí tó ń ba irun àgùntàn jẹ́ sì tún yàtọ̀. Tú àpótí mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ sílẹ̀, kí o wá tún wọn pín: aṣọ lásán lọ́tọ̀, awọ àtọwọ́dá àti rọ́bà lọ́tọ̀, fóòmù àti ike lọ́tọ̀, wíìgì lọ́tọ̀.

Kí ohunkóhun tó wọ àpótí, kó mọ́, kó sì gbẹ dé inú. Òórùn tó o gbọ́ yẹn, òógùn ni. Òógùn máa ń sọ aṣọ funfun di pupa rúsúrúsú, ó sì máa ń fa kòkòrò mọ́ra. Fọ èyí tó ṣeé fọ̀. Fún èyí tí kò ṣeé fọ̀, ọgbọ́n kan wà tí àwa aláṣọ eré ti ń lò tipẹ́: a ó bu omi díẹ̀ mọ́ vodka tí kò ní adùn kankan, a ó rọ ọ́ sínú ìgò tí ń fín omi, a ó yí inú aṣọ náà síta, a ó sì fín in sí abẹ́ apá àti ọrùn. Bí ó bá ti ń gbẹ ni òórùn náà yóò máa kúrò. Kọ́kọ́ dán an wò níbi tó fara sin. Má fín in sí ohun tí a kùn ní ọ̀dà tàbí sí awọ àtọwọ́dá, ọtí lè bó ọ̀dà. Aṣọ náà yóò sì sùn níbi tí atẹ́gùn wà mọ́jú, ó kéré tán.

Ọ̀rọ̀ bàtà rẹ ni yóò dùn ọ́ jù. Púpọ̀ nínú awọ àtọwọ́dá, polyurethane, irú ike rírọ̀ kan, ni wọ́n fi bo ojú rẹ̀, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló sì ń tú u palẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí o kò tilẹ̀ wọ̀ ọ́ rí, yóò bó lọ́jọ́ kan. A lè fà á sẹ́yìn, a kò lè dá a dúró. Àpótí tí a dé pa pẹ̀lú aṣọ tí òógùn wà lára rẹ̀ sì ń mú kí bíbó náà yá sí i ni. Èyí tó kù lọ́wọ́ rẹ, má ṣẹ́ ẹ po, má dì í sínú ọ̀rá. Fi bébà funfun kún inú bàtà gígùn kó lè dúró (bébà ìròyìn máa ń fi àwọ̀ sára nǹkan), kí o sì fi aṣọ òwú funfun bò ó. Fáínì (vinyl, ike dídán tó dà bí awọ) tiẹ̀ tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ó máa ń mu àwọ̀ nǹkan tó bá fara kàn án. Bàtà funfun dídán kan wà tí mo fi sábẹ́ agbádá pupa nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nígbà tí mo máa fi gbé e jáde, pupa yẹn ti wọ inú rẹ̀ lọ. Ọṣẹ kò ràn án, spirit kò ràn án. A kùn ún ní dúdú, a sì fún ẹlòmíràn wọ̀ nínú eré.

Fóòmù kì í gbàgbé ẹrù tí a gbé lé e lórí. Ṣùgbọ́n tìrẹ ṣeé gbà là bí ó bá jẹ́ EVA, irú fóòmù tó ń rọ̀ bí ooru bá kàn án: fi ẹ̀rọ tí a fi ń gbẹ irun fẹ́ ooru sí i láti inú, níbi tí ọ̀dà kò sí, títí yóò fi rọ̀, fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ padà sí bó ṣe yẹ kó rí, kí o sì dì í mú títí yóò fi tutù. Lẹ́yìn náà, fi bébà tàbí aṣọ àtijọ́ kún inú rẹ̀, kí o gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù, láìgbé nǹkan lé e. Nítorí àyè tó há, inú àṣíborí lè gba ìbọ̀wọ́, inú ìgbàyà sì lè gba àwọn ti èjìká, bí o bá ti fi aṣọ rírọ̀ wé wọn. Má fi èyíkéyìí sínú ọkọ̀ tó wà nínú oòrùn. Gúlù gbígbóná máa ń rọ̀ padà, PLA, ike tí wọ́n fi ń fi ẹ̀rọ tẹ idà àti ìbòjú jáde, sì ti ń tẹ̀ ní nǹkan bí 60°C. Idà gígùn, dùbúlẹ̀ ni kó wà. Bí o bá fi ti ògiri, á tẹ̀. Yọ bátìrì kúrò nínú gbogbo ohun tó ní iná, kó má lọ jò síbẹ̀.

Wíìgì kò ṣòro. Láti ṣóńṣó irun nísàlẹ̀ ni kó o ti máa fi òòyà tú u lọ sókè, má bẹ̀rẹ̀ láti orí. Bó bá lọ́ pọ̀ jù, rẹ ẹ́ sínú omi tútù tó ní ohun ìmúṣọrọ̀ díẹ̀. Di èyí tó gùn, fi àwọ̀n bò ó, kí o sì fi kọ́.

Aṣọ tó ń fà àti èyí tí ìlẹ̀kẹ̀ wúwo wà lára rẹ̀, má fi wọ́n kọ́, nítorí wíwúwo wọn ni yóò fa èjìká wọn ya. Tẹ́ wọn sínú àpótí pẹlẹbẹ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìyókù, fi háńgà eléjìká fífẹ̀ kọ́ wọn; ti wáyà máa ń dípẹtà.

Irun àgùntàn, ṣẹ́dà àti ìyẹ́ ni kòkòrò ń wá. Èmi kì í fi káńfọ̀ sí i: èéfín rẹ̀ kò dára fún ẹni tó ń sun inú yàrá kan náà, ó sì lè mú àwọn ike kan rọ̀. Fi ọ̀rá di èyí tó o ń fura sí pinpin, kí o gbé e sínú fìrísà ní -18°C fún ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tó o bá gbé e jáde, má tú ọ̀rá náà títí yóò fi gbóná bíi yàrá, kí omi má bàa sẹ̀ sára aṣọ.

O ó béèrè pé, báwo ni n ó ṣe rí gbogbo ẹ̀ kó jọ lọ́jọ́ tí mo bá fẹ́ wọ̀ ọ́? Fún aṣọ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, 1 dé 8, kí o so nọ́ńbà náà mọ́ gbogbo ohun tó jẹ́ tirẹ̀. Tẹ́ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, yà á ní fọ́tò kan, kí o kọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà sábẹ́ fọ́tò náà nínú fóònù. Kékeré bíi yẹtí àti bọ́tìnì, fi sínú àpò òwú kan, so ó mọ́ háńgà.

Ní ti bàtà dúdú yẹn, má wulẹ̀ náwó lé e. Tú síìpù àti àwọn irin ara rẹ̀ pamọ́, kí o fi ara rẹ̀ gé àwòṣe fún òmíràn, kí o sì sọ ìyókù nù.