Íńtálọ́ọ̀kì Tó Ń Mu Omi: Ta Ni Kí Màmá Gbọ́ Tirẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ẹ̀ńjíníà. Mọ́níyà n'Ìbàdàn ni ilé wa wà, lórí ilẹ̀ tó dà gẹ̀rẹ́ díẹ̀. Ọmọ mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù fi owó ránṣẹ́ pé ká fi íńtálọ́ọ̀kì tẹ́ gbogbo àgbàlá. Ó ní irú èyí tí omi ń gbà kọjá ni kí a lò, pé òfin wà lórí ẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn. Bíríkìlà wa ní kò sóhun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, pé tí omi bá fi lè wọ abẹ́ íńtálọ́ọ̀kì, rírì ló máa rì. Aládùúgbò ìsàlẹ̀ sì ti ń kùn sí wa, torí àtìgbà tí a ti fi sìmẹ́ńtì dá iwájú ilé ni àgbàrá wa ti ń ya wọlé rẹ̀. Sìmẹ́ńtì yìí kan náà ni kì í jẹ́ ká lè jókòó síta lálẹ́, ooru ló ń tú sí wa lára. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? (Ìyá Onílé, Mọ́níyà)

ÌDÁHÙN: Màmá, mo dọ̀bálẹ̀ o. Ẹ gbọ́ ti ọmọ yín, àmọ́ ẹ má bínú sí bíríkìlà, ohun tójú rẹ̀ ti rí ló ń sọ. Íńtálọ́ọ̀kì tí wọ́n tò sórí yanrìn lásán, tí omi bá ráyè dé abẹ́ rẹ̀, yanrìn á ṣí nídìí, ibẹ̀ á sì jìn. Èyí tí ọmọ yín ń wí yàtọ̀. Kì í ṣe òkúta òkè ló ń mu omi, ikùn tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni.

Òótọ́ ni ti òfin yẹn. Ní England, láti oṣù kẹwàá ọdún 2008, ẹni tó bá fẹ́ fi ohun tí omi ò lè gbà kọjá tẹ́ iwájú ilé rẹ̀, tí ibẹ̀ ju ilẹ̀ tó jẹ́ mítà kan níbùú, mítà kan lóròó, lọ́nà márùn-ún lọ, tí omi ò sì ní ibi tó máa rìn sí nínú ọgbà rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbàṣẹ.

Èmi tí mò ń dá yín lóhùn yìí ti ṣe ohun tí ẹ ṣe. Ní 2006 mo da kọnkéré bo gbogbo àgbàlá oníbàárà mi kan. Ó dúpẹ́, ó sanwó. Nígbà tí òjò 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011 rọ̀, òjò tó pa èèyàn tó lé ní 100 n'Ìbàdàn, mo padà lọ wo ibẹ̀. Ògiri ilé tó wà nísàlẹ̀ ti wó. Kò sẹ́ni tó bá mi wí, ṣùgbọ́n mo dúró síbẹ̀, mo ṣírò ohun tí mo ṣe. Òjò mìlímítà kan lórí ilẹ̀ tó jẹ́ mítà kan níbùú, mítà kan lóròó, lítà omi kan ni. Àgbàlá yẹn jẹ́ mítà 10 níbùú, mítà 20 lóròó. Tí mìlímítà 50 bá rọ̀ síbẹ̀, lítà 10,000 nìyẹn: tánkì ẹlẹ́gbẹ̀rún lítà mẹ́wàá, tí a dà lu ògiri ẹlòmíì. Ọjọ́ náà ni mo ti fi kọnkéré àdàbò sílẹ̀.

Bí a ṣe ń ṣe é rèé. Ẹ ó gbẹ́ ilẹ̀ tó bí ìgbọ̀nwọ́ kan sísàlẹ̀. Torí pé ilẹ̀ yín dà gẹ̀rẹ́, kí wọ́n gé ìdí ibi tí wọ́n gbẹ́ bí àtẹ̀gùn, kí omi má baà sá lọ sí apá ìsàlẹ̀ nìkan. Gráńáìtì ńlá ló máa kọ́kọ́ wọlé, lẹ́yìn náà èyí tó kéré sí i, lẹ́yìn náà òkúta wẹ́wẹ́ tí kò ju hóró ẹ̀wà lọ. Orí èyí ni íńtálọ́ọ̀kì máa jókòó lé, òkúta wẹ́wẹ́ kan náà la ó sì fi dí àárín wọn. Kí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ ìpele kọ̀ọ̀kan mọ́lẹ̀, kí wọ́n sì da kọnkéré tẹ́ẹ́rẹ́ sí etí yí i ká. Ìyẹn ni kò ní jẹ́ kó rì. Yanrìn ò gbọ́dọ̀ sí nínú rẹ̀, eruku òkúta náà ò gbọ́dọ̀ sí níbẹ̀. Àlàfo tó wà láàárín gráńáìtì ni àmù yín, ó sì tó bí ìdá méjì nínú márùn-ún. Tí gráńáìtì bá ga tó sẹ̀ǹtímítà 30, á gba nǹkan bíi lítà 120 ní mítà kọ̀ọ̀kan níbùú lóròó.

Ẹ wá rí i pé kò sídìí láti tẹ́ gbogbo àgbàlá. Ibi tí mọ́tò ń gbà àti ibi tó ń dúró tó. Ẹ jẹ́ kí koríko wà níbi tó kù.

Ilẹ̀ pupa wa ní amọ̀ nínú, nítorí náà ẹ dán an wò. Ẹ gbẹ́ ihò tó dé orúnkún, ẹ pọnmi kún un, kó mu ún tán, kí ẹ tún pọn òmíràn sí i. Ti ẹ̀ẹ̀kejì yìí ni kí ẹ ṣọ́. Tí ilẹ̀ bá mọ́ tí omi ṣì wà níbẹ̀, ẹ ní kí wọ́n ri páìpù oníhò sínú gráńáìtì, lápá òkè, kí èyí tó bá kún àkúnya máa gba ibẹ̀ lọ sí gọ́tà díẹ̀díẹ̀. Ẹ má ṣe é sún mọ́ kànga àti sókàwéè, kó sì fi ẹsẹ̀ bàtà 10 jìnnà sí ìpìlẹ̀ ilé. Omi òrùlé, tánkì ni kí ẹ fi gbè é.

Ní ti ooru, mi ò ní tàn yín. Sìmẹ́ńtì ń mu oòrùn láti àárọ̀, ó ń pọ̀ ọ́ jáde lálẹ́. Íńtálọ́ọ̀kì tó mu omi máa ń tutù lẹ́yìn òjò, torí ọ̀rinrin abẹ́ rẹ̀ ń gòkè, ó sì ń gbé ooru lọ. Ṣùgbọ́n nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, tí omi ò bá sí lábẹ́ rẹ̀ mọ́, òun náà á gbóná. Àwọ̀ tó mọ́lẹ̀ ni kí ẹ rà, kì í ṣe dúdú, kí ẹ sì gbin igi fúrúùtù kan síbi tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ti ń wọlé. Ìbòòji rẹ̀ ni ẹ ó máa jókòó sí.

Yanrìn ló ń pa iṣẹ́ yìí. Nílé kan tí mo ti ṣe é, mi ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n parí; àwọn ọmọṣẹ́ gbá yanrìn wọ àárín íńtálọ́ọ̀kì bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n ṣe. Òjò kejì, omi ti dúró lórí rẹ̀ bí adágún. A ní láti họ gbogbo rẹ̀ jáde. Nítorí náà, tí àwọn ọmọ bá ń gbálẹ̀ láàárọ̀, kí wọ́n kó eruku kúrò, kí wọ́n má gbá a wọ inú àlàfo. Kí típà má sì já yanrìn sórí rẹ̀ láé.

Kí bíríkìlà tó to ẹyọ kan, ẹ ní kó gbé gráńáìtì tó rà wá. Ẹ bu ìkúnwọ́ kan sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi, ẹ rò ó pọ̀. Tí omi náà bá ki bí ògì, ẹ ní kó lọ fọ̀ ọ́ tàbí kó dá a padà.