Ṣé iná kan náà ló ń mú gbogbo jẹ́ẹ̀lì èékánná le?

Rárá o. Ọ̀dà èékánná lásán ni atẹ́gùn ń gbẹ. Ìmọ́lẹ̀ ló ń mú jẹ́ẹ̀lì le. Èròjà kan wà nínú rẹ̀ tó ń gba ìmọ́lẹ̀ náà, tí á sì mú kí ìyókù so kọ́ra bí ẹ̀wọ̀n. Iná LED sábà máa ń ṣe é láàárín ìṣẹ́jú àáyá 30 sí 60, iná UV àtijọ́ á tó ìṣẹ́jú 2. Iná tí ilé iṣẹ́ tó ṣe jẹ́ẹ̀lì yẹn dárúkọ ni kí ẹ lò.

Jẹ́ẹ̀lì rírọ̀ ń yọ́ nínú asetóònù, ìyẹn omi tí wọ́n fi ń yọ ọ̀dà èékánná. Líle kì í yọ́, àfi kí ẹ fi fáìlì rẹ́ ẹ. Polygel, oríṣi jẹ́ẹ̀lì mìíràn, ki bí àmọ̀, iná náà ló ń mú un le.

Ibi tí wàhálà wà ni kíkùn tó nípọn jù: òkè á le, abẹ́ á ṣì tutù, ojú rẹ̀ á hunjọ. Ẹ má sì ka bó ṣe ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ lẹ́yìn iná sí àbùkù; ọ́síjìn ló fà á, ẹ fi ọtí ìpakòkòrò tí wọ́n ń fi nu ara (rubbing alcohol) nù ún. Jẹ́ẹ̀lì tútù tó kan awọ ara ni kí ẹ ṣọ́ra fún, ó lè fa ara yíyún tí kò ní lọ bọ̀rọ̀.