Sípídómítà kú, jíà rẹ̀ sì ń jẹ léraléra: níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ọkọ̀ àtijọ́ kan ni mo ní, ọdún 1968 ni wọ́n ṣe é, táyà ẹ̀yìn ló ń tì í lọ. Abẹ́rẹ́ sípídómítà rẹ̀ kọ́kọ́ ń gbọ̀n nígbà tí mo bá ń rọra lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ó bẹ̀rẹ̀ sí í han goro, kó tó wá kú pátápátá, òun àti nọ́ńbà tó ń ka ìrìn. Mẹkáníìkì bá jíà ike kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíabọ́ọ̀sì tí eyín rẹ̀ ti jẹ tán, ó pààrọ̀ rẹ̀. Kò pẹ́ tí tuntun náà tún fi jẹ. Ó ti wá ní kí n lọ ra sípídómítà mìíràn. Ṣé òótọ́ ni? Mo tún ti fi táyà tó ga ju ti tẹ́lẹ̀ sí i, ṣé ìyẹn ló fà á?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Nínú gbogbo ohun tó wà láàárín gíabọ́ọ̀sì àti dáṣíbọọ̀dù, jíà ike yẹn ló rọ̀ jù. Bí ohunkóhun bá há níwájú rẹ̀, òun ni yóò kọ́kọ́ fara gbá a. Ẹni tó bá pààrọ̀ rẹ̀ láì wá ohun tó pa á, ó fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i nìyẹn. Mẹkáníìkì yín lè jàre pé inú aago (sípídómítà fúnra rẹ̀) ni ìjàngbọ̀n wà, àmọ́ kò tíì dán an wò. Táyà kò mọ nǹkan kan nípa eyín tó jẹ, mo sì máa dé orí ọ̀rọ̀ tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká tọ ọ̀nà tí agbára ń gbà. Lára ọ̀pá tó ń jáde lẹ́yìn gíabọ́ọ̀sì ni jíà kan wà tí eyín rẹ̀ lọ́ yípo bíi ti ṣúkúrù. Òun ló ń yí jíà ike. Ihò onígun mẹ́rin wà nínú jíà ike yìí, ibẹ̀ ni orí kébù wọ̀. Kébù náà jẹ́ méjì: awọ òde tí kì í yí, àti wáyà inú, tí wọ́n fi irin tín-ín-rín lọ́ lé ara wọn lórí, tó ń yí láti ìsàlẹ̀ dé ẹ̀yìn aago. Nínú aago, wáyà yìí ń yí òòfà kan. Ife alumíníọ́mù kékeré kan bo òòfà náà, wọn kò sì fara kan ara wọn. Bí òòfà bá ti ń yí, iná mànàmáná kékeré kan máa ń ru sókè nínú ife náà tí yóò mú kó fẹ́ tẹ̀ lé òòfà, sípírìngì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan sì ń fà á padà. Ibi tí àwọn méjèèjì bá ti fà á dọ́gba ni abẹ́rẹ́ ń dúró. Otto Schulze, ará Jámánì, ló gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ọgbọ́n yìí ní 1902. Nọ́ńbà tó ń ka ìrìn kò ní ohun kan ṣe pẹ̀lú òòfà. Jíà lásán ló ń wà á láti ara ọ̀pá kan náà.

(Ẹ̀yin tí ẹ ní Volkswagen Ìjàpá, ẹ má wá tiyín lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíabọ́ọ̀sì. Táyà iwájú kan ló ń yí kébù tirẹ̀. Orí kébù gba àárín ìdí táyà kọjá, ó wọ ihò onígun mẹ́rin lára ìdérí gíríìsì. Tí ihò yẹn bá ti jẹ, tó di róbótó, ìdérí á máa yí, kébù á dúró síbẹ̀.)

Nítorí pé ọ̀nà abẹ́rẹ́ àti ti nọ́ńbà pínyà nínú aago, ẹ lè mọ apá ibi tí àrùn wà kí ẹ tó mú sukudiráífà. Tí abẹ́rẹ́ bá kú tí nọ́ńbà ń kà, tàbí tí nọ́ńbà dúró tí abẹ́rẹ́ ń ṣiṣẹ́, inú aago ni, ẹ má wulẹ̀ dé ìdí gíabọ́ọ̀sì. Tí abẹ́rẹ́ bá fò lọ sí ìparí tí kò padà, ọ́ìlì tàbí gíríìsì ti wọ àárín òòfà àti ife. Tí àwọn méjèèjì bá jọ kú, bíi tiyín, ọ̀nà tí wọ́n jọ ń lò ló ti já: jíà, kébù, tàbí ọ̀pá ẹnu aago tó há. Gbígbọ̀n tó ṣáájú ní tirẹ̀ sábà máa ń jẹ́ pé wáyà inú ti gbẹ tàbí ó ti ká. Ó máa ń kọ́kọ́ lọ́ ra rẹ̀, kó tó já ra rẹ̀ gbà lẹ́ẹ̀kan náà, abẹ́rẹ́ á sì fò. Híhan yẹn ló mú kí n fura sí ẹnu aago pàápàá.

Nítorí náà òkè ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ tú kébù kúrò lẹ́yìn aago. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ọwọ́ lásán ló ń tú nọ́ọ̀tì rẹ̀. Ẹ wá irin tẹ́ẹ́rẹ́ onígun mẹ́rin tó wọ ihò ẹ̀yìn aago, orí kébù àtijọ́ tí ẹ gé kúrú ló dáa jù, kí ẹ sì fi ìka méjì yí i. Ó gbọ́dọ̀ yí láì bá yín jà rárá, abẹ́rẹ́ á sì gbéra díẹ̀ tí ẹ bá yí i kíákíá. Tí abẹ́rẹ́ bá ń tẹ ara rẹ̀ mọ́ ìdádúró òdo, ẹ ń yí i sódì, ẹ yí i sí apá kejì. Tí ó bá wúwo lọ́wọ́, tí ó ń han, tàbí tí ó yí díẹ̀ tí ó dúró gbagidi, ẹ ti rí ẹni tó ń pa jíà yín. Tí ó bá fúyẹ́, ẹ fi irin yẹn sẹ́nu dírìlì tó lè rọra yí, ní apá tí abẹ́rẹ́ ti ń gbéra nìkan. Aago tí wọ́n kọ 1000 sí lójú, ìyẹn iye ìyípo kébù fún máìlì kan, gbọ́dọ̀ fi 60 máìlì ní wákàtí kan hàn nígbà tí dírìlì bá ń yí ní ìgbà 1000 ní ìṣẹ́jú kan.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fín ọ́ìlì sẹ́nu aago tó há. Ó lè yí fún ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn náà ọ́ìlì á ṣàn dé inú ife, ẹ ó sì ti fi àrùn kan pààrọ̀ òmíràn. Ẹni tó ń tún aago ọkọ̀ ṣe ni kó tú u, kó fọ̀ ọ́, kó fi ọ́ìlì aago kán an níwọ̀nba. Sípírìngì inú rẹ̀ kò gba ọwọ́ líle.

Ó kan kébù. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ẹ lè fa wáyà inú jáde láti òkè. Tí ó bá jáde ní kúkúrú, ó ti já, ìyókù wà nísàlẹ̀. Tí ó bá pé, ẹ fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, ẹ nà án sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí ẹ sì máa yí orí rẹ̀ kan láàárín ìka. Èyí tó dáa máa ń yí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ láti orí dé ìdí. Èyí tó ti ká máa ń fò lójijì, kò sì sí títọ́ tí ẹ lè tọ́ ọ, ẹ ra tuntun. Ẹ wo orí rẹ̀ méjèèjì bóyá igun rẹ̀ ti jẹ. Tí ẹ bá fẹ́ dá a padà, ẹ fi gíríìsì fẹ́lẹ́ pa á lára, kì í ṣe kó rin gbingbin. Ẹ tì í wọlé tán, ẹ fà á jáde bíi 20 sẹ̀ǹtímítà lókè, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ tó tì í padà. Ibi tó súnmọ́ aago kò gbọdọ̀ ní gíríìsì tó lè gun òkè.

Bí kébù ṣe gba ara ọkọ̀ kọjá ń pa jíà ju bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò lọ. Kó má ká ju òbìrí tí ìdajì fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 15 sẹ̀ǹtímítà, kí 5 sẹ̀ǹtímítà àkọ́kọ́ ní orí kọ̀ọ̀kan sì lọ tààrà. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wáyà inú yẹ kó yọ jáde ní bíi 10 mìlímítà lókè. Tí ó bá gùn jù, ṣe ni yóò máa ti ọ̀pá aago láti ẹ̀yìn, á sì há. Nọ́ọ̀tì òkè kò nílò páyà, ọwọ́ tó o. Bí ẹ bá rí i pé awọ òde kébù ti jóná, tí ó sì jìnnà sí sàlẹ́ńsà, ẹ wo wáyà áàtì tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ ara ọkọ̀. Nígbà tí ìyẹn bá já, iná sítátà máa ń gba ara kébù padà sí bátìrì. Mẹkáníìkì kì í sábà rò ó kan ibẹ̀.

Ìdí gíabọ́ọ̀sì ló kẹ́yìn. Ẹ nu àyíká rẹ̀ mọ́, ẹ gbé abọ́ sábẹ́ nítorí ọ́ìlì lè jáde. Tí ẹ bá yọ ilé jíà ike, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò náà kí ẹlòmíràn máa rọra ti ọkọ̀. Eyín jíà irin gbọ́dọ̀ mọ́ kó sì dán yípo, nítorí èyí tó bá rí ṣákaṣàka yóò máa jẹ gbogbo ike tí ẹ bá gbé pàdé rẹ̀. Ẹ ka eyín jíà ike àtijọ́, kí iye rẹ̀ bá ti tuntun mu. Ẹ má gbára lé àwọ̀ rẹ̀. Lára àwọn gíabọ́ọ̀sì Chrysler tó ń yan jíà fúnra rẹ̀, ilé jíà ike kò dọ́gba yípo, iye eyín ló ń sọ apá tí ẹ máa kọ ojú rẹ̀ sí. Tí ẹ bá kọ ọ́ sódì, eyín kò ní wọra dáadáa, jíà á sì jẹ. Lára àwọn Triumph TR kan, àpótí kékeré tó ń yí igun wà láàárín gíabọ́ọ̀sì àti kébù. Tí òun náà bá há, kébù á já. Kí ẹ sì pààrọ̀ ọ́ìlì síìlì àti rọ́bà róbótó ilé jíà nígbà tí ẹ ti wà níbẹ̀, nítorí wáyà tó lọ́ yẹn máa ń fa ọ́ìlì gíabọ́ọ̀sì gòkè. Ẹni tó bá bá ọ́ìlì lókè kébù, ìsàlẹ̀ ni kó tún ṣe kó tó kan aago.

Kí ẹ tó fi jíà tuntun sí i, ẹ so kébù mọ́ aago, kí ẹ wá fi ìka méjì yí wáyà inú láti ìsàlẹ̀. Tí ó bá yí pẹ̀lú ìrọ̀rùn, ẹ lè gbé jíà wọlé. Tí kò bá yí, owó jíà á tún ṣòfò.

Tí ó bá wá jẹ́ pé dandan ni kí ẹ ra aago mìíràn, kì í ṣe èyí tó bá ti wọ ihò dáṣíbọọ̀dù ni kí ẹ mú. Ilé iṣẹ́ Smiths, tó ń ṣe aago ọkọ̀, sábà máa ń kọ iye ìyípo kébù fún máìlì kan sí ojú aago. VDO, ilé iṣẹ́ aago mìíràn, ń kọ ọ́ pẹ̀lú lẹ́tà W, ìyípo fún mítà kan. Ẹ lè ka ti ọkọ̀ yín fúnra yín: ẹ tú kébù lókè, ẹ fi bébà kékeré ṣe àmì sí wáyà inú, ẹ ti ọkọ̀ ní mítà 16.1, tí í ṣe ìdá ọgọ́rùn-ún máìlì. Iye ìyípo tí ẹ kà, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 100, ìyẹn ni iye fún máìlì kan. Ẹ má gbé táyà kan ṣoṣo sókè láti ṣe é, nítorí ìlọ́po méjì ni táyà náà máa yí, ìkà yín á sì ṣìnà.

Ní ti táyà: bí àyíká tuntun bá fi ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, abẹ́rẹ́ á máa fi bíi 95 hàn nígbà tí ẹ ń sá 100, nọ́ńbà ìrìn náà á sì máa kà kù lọ́nà kan náà. Ẹ fi GPS fóònù wò ó lójú ọ̀nà tó tọ́, kí ẹlòmíràn máa wo fóònù. Tí abẹ́rẹ́ àti nọ́ńbà bá ṣìnà ní ìwọ̀n kan náà, jíà ike tó ní iye eyín mìíràn lè tún un ṣe. Tí nọ́ńbà bá ń kà dáadáa tí abẹ́rẹ́ nìkan ń parọ́, òòfà tàbí sípírìngì ni, iṣẹ́ ẹni tó ń tún aago ṣe nìyẹn.