Kó o tó mú ìyá ìyàwó rẹ lọ jẹun Ṣáínà n'Ìbàdàn

Àbúrò, o ní o fẹ́ gbé ìyàwó rẹ àti ìyá rẹ̀ jáde ní Sátidé, kí ẹ tọ́ oúnjẹ Ṣáínà, ti Íńdíà tàbí ti Lẹ́bánónì wò n'Ìbàdàn níbí. O ní ibo ló dáa, èló ni kó o mú dání. Ibi tí ẹ ó lọ ò le. Ẹ gba Bọ́díjà, ẹ gba Ring Road tàbí Jẹ́ríkò, ẹ ó rí i. Bí ẹ ṣe máa jáde níbẹ̀ ló le.

Èmi náà gbé ìyá ìyàwó mi jáde rí. Mi ò ní dárúkọ ilé oúnjẹ náà. Ti àwọn Kòráà ni. (Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ̀ pé Kòráà là ń pe àwọn ará Lẹ́bánónì, òwò wọn ló fún Lebanon Street ní Gbági àtijọ́ lórúkọ.) Oúnjẹ náà dùn, mi ò ní purọ́. Wétà gbé hummus wá, ẹ̀wà kan tí wọ́n lọ̀ kúnná pẹ̀lú yànmọ̀tí, tí wọ́n wá ta òróró sí lójú. Màmá fi búrẹ́dì pẹlẹbẹ tọ́ ọ wò, wọ́n yíjú sí mi: "Gbẹ̀gìrì àná rèé, àbí?" A rẹ́rìn-ín títí. Màmá sì jẹ ẹ́ tán.

Ìgbà tí bíìlì dé ni ẹ̀rín tán. Mo ti ṣírò rẹ̀ lọ́kàn, ₦38,500. Ohun tí mo rí lórí ìwé ni ₦45,237.50. Wọ́n ti fi VAT, ìdá 7.5 nínú 100, lé e, wọ́n tún fi ìdá 10 lé e pé owó ìtọ́jú oníbàárà ni. Wọ́n kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé oúnjẹ lóòótọ́, pẹ̀lú lẹ́tà bí ẹsẹ̀ èèrà. ₦61,000 wà nínú àkáǹtì mi, ẹ̀rù ò bà mí. Mo ki káàdì bọ POS, mo tẹ nọ́ńbà mi, ó ń yí, ó ń yí, ó wá pọ pépà jáde: DECLINED. Kí wétà tó gbójú sókè, fóònù mi ti dún. Báǹkì ti yọ ₦45,237.50. Ó ku ₦15,762.50.

Mo fi alert han mẹ́níjà. Ó ní tiwọn ò tíì wọlé, ká ṣì jókòó. Aago méje ò tíì lù nígbà yẹn. Aago mẹ́jọ lù, kò wọlé. Mo pe báǹkì, orin ni wọ́n ń kọ sí mi létí títí owó ìpè fi tán lórí fóònù mi. Ní aago mẹ́jọ àbọ̀, wọ́n ti ń da àga dé orí tábìlì. Ìyàwó mi ò wo ojú mi mọ́. Màmá ò sọ nǹkan kan. Wọ́n kàn tú etí ìró wọn, wọ́n mú owó àjọ tí wọ́n gbà jọ l'Ọjà Ọba láàárọ̀, wọ́n ń fi itọ́ ra ìka, wọ́n ń kà á, ₦500 lé ₦500, títí ó fi pé ₦30,000. Mo fi transfer san ìyókù. Mo bẹ mẹ́níjà pé kó fojú fo ₦237 ẹ̀yìn yẹn, ó ní kọ̀ǹpútà ò gbà á. Igba náírà lé díẹ̀! Mi ò tíì gbàgbé ojú ọkùnrin yẹn.

Àwọn báǹkì tún wá burú jù ú lọ. Wọ́n ní owó á padà ní wákàtí 24. Kò padà. Wọ́n ní kí n lọ bá báǹkì tó ni POS. Àwọn yẹn ní kí n padà sí báǹkì mi. Wọ́n wá ní kí n kọ lẹ́tà. Lẹ́tà, lórí ohun tí wọ́n ń wò lójú kọ̀ǹpútà wọn! Bẹ́ẹ̀ láti 2020 ni CBN, báǹkì àpapọ̀ ilẹ̀ wa, ti pàṣẹ pé ọ̀rọ̀ owó POS tó kùnà kò gbọdọ̀ ju wákàtí 72 lọ. Ọjọ́ 19 ni tèmi. Pépà DECLINED yẹn ló yọ mí. Mo ti yà á ní fọ́tò, torí irú pépà bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ ṣá. Mo sì fi agídí gba nọ́ńbà ẹ̀sùn lọ́wọ́ báǹkì. Mo fi méjèèjì ránṣẹ́ sí ẹ̀ka CBN tó ń gbọ́ ẹjọ́ oníbàárà. Ní ọjọ́ kẹta, owó wọlé. Ẹnikẹ́ni ò sọ pé ẹ pẹ̀lẹ́.

Ẹ̀n-ẹ́n, bí ìyá ìyàwó rẹ bá jẹ́ Àlàájà, bi àwọn wétà léèrè ẹlẹ́dẹ̀ ní ti Ṣáínà kí ẹ tó sọ ohun tí ẹ fẹ́. Bí edé kì í bá a lára mu, bi wọ́n nípa oyster sauce náà, ara ẹran omi oníkarahun ni wọ́n ti ń ṣe é, wọ́n sì ń dà á sí ẹ̀fọ́ lásán. Ti Íńdíà, ibi tí o bá ti rí àwọn ará Íńdíà fúnra wọn tí wọ́n ń jẹun ni kó o wọ̀. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé jọ̀lọ́ọ̀fù ni wọ́n sè tí wọ́n ń pè é ní biryani, ìrẹsì àwọn ará Íńdíà.

Owó tí mo kọ sókè yẹn ti pẹ́, má fi ṣírò. Pe ilé oúnjẹ tí ẹ fẹ́ lọ láàárọ̀ Sátidé, ní kí wọ́n fi ìwé oúnjẹ ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kó o fi ìdá 17.5 lé àròpọ̀ rẹ̀, kó o sì mú un dání ní kéèṣì. Kí ìyàwó rẹ mú káàdì báǹkì mìíràn dání.

Owó àjọ Màmá, mo yá owó san án ní ọjọ́ Ajé. Títí dòní, bí mo bá ní kí n gbé wọn jáde, wọ́n á ní àwọn ti jẹun nílé.