Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan ń gbóná: kí ló ń di ìjánu ọkọ̀ mú?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Toyota Corolla ọdún 2005 ni mò ń wà, tòkunbọ̀ ni. Bí mo bá ti Ìbàdàn dé Ọ̀yọ́ báyìí, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn apá òsì á gbóná janjan, á sì máa rùn bí ohun tó ń jóná. Mekáníìkì ti pààrọ̀ bíréèkì ṣúù (èyí tó ń tẹ̀ mọ́ inú ẹsẹ̀ láti dá a dúró) lápá méjèèjì, ibi tó wà náà ló ṣì wà. Ó wá ní kí n ra máásítà sìlíńdà, èyí tó ń ti òróró bíréèkì lọ sí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ṣé kí n rà á? (Òǹkàwé kan, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Ẹ dákun, ẹ má tíì rà á. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo lẹ sọ pé ó ń gbóná, ìyẹn gan-an sì ni ẹ̀rí. Nínú Corolla yìí, ìlà òróró bíréèkì méjì ló ti ara máásítà jáde, ìdábùú ni wọ́n sì pín in: ẹ̀yìn òsì pẹ̀lú iwájú ọ̀tún, ẹ̀yìn ọ̀tún pẹ̀lú iwájú òsì. Bó bá jẹ́ máásítà ló di òróró mú, ẹsẹ̀ iwájú apá ọ̀tún náà ì bá máa gbóná. Ẹ wá èyí dájú ná: ẹ wa ọkọ̀ bíi kìlómítà 5 láìtẹ bíréèkì púpọ̀, kí ẹ wá fi ìka wọ́n omi díẹ̀ sára irin ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fọwọ́ kàn án. Ibi tí omi bá ti hó ṣàà, ibẹ̀ ni wàhálà wà.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kó sì ti tutù. Ẹ fi òkúta tàbí igi dí ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì níwájú àti lẹ́yìn, ẹ fi jíà sí P (jíà kìíní bó bá jẹ́ mánúà). Ẹsẹ̀ iwájú ni jíà ń dì mú, tẹ̀yìn á ṣì yí. Ẹ tú hàǹdíbíréèkì sílẹ̀, ẹ fi jáàkì gbé ẹ̀yìn, kí ẹ sì gbé e lé irin ìdúró; ẹ má fi ara sábẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ jáàkì nìkan ló gbé e. Ẹ tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ yọ ẹsẹ̀, kí ẹ wá fọwọ́ yí táyà. Bó bá yí pẹ̀lú ìró fẹ́ẹ́rẹ́, kò sí ewu. Bó bá le débi pé ọwọ́ méjèèjì lẹ fi ń yí i, ẹ tẹ̀ síwájú.

Wáyà hàǹdíbíréèkì lẹ ó kọ́kọ́ wò. Ẹ tú nọ́ọ̀tì tó ń fa wáyà lẹ́bàá ìdí ọwọ́ hàǹdíbíréèkì títí wáyà á fi rọ̀. Bí táyà bá yí wẹ́rẹ́, wáyà ló jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n bí kò bá yí, ẹ má tíì dá wáyà láre: ìpẹtà lè ti mú un nínú ike rẹ̀, kó má padà sẹ́yìn mọ́ bẹ́ẹ tilẹ̀ tú u níwájú. Inú dúrọ́ọ̀mù (agbada irin tó ń bá táyà yí, tí ṣúù wà nínú rẹ̀) la ó ti rí ìyẹn.

Òróró ló kàn. Ẹ ti rọ́bà tó mọ́ gaara bọ nípù tí wọ́n ń gbà fa afẹ́fẹ́ jáde lẹ́yìn ẹsẹ̀ náà, ẹ ti ẹnu kejì bọ ìgò, kí ẹ fi sípánà olórùka tú nípù díẹ̀, ìdá mẹ́rin ìyípo kan ti tó. Bí òróró bá tú pùù tí táyà sì rọ̀ lójú ẹsẹ̀, òróró ló há. Họ́ọ̀sì rọ́bà tó so ara ọkọ̀ mọ́ áṣù (irin tó so ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀) ló sábà ń fà á. Inú rẹ̀ á ti wú, òde á sì dán bíi tuntun: agbára ẹsẹ̀ yín lè ti òróró gba inú rẹ̀ kọjá, ṣùgbọ́n sípíríǹgì ṣúù kò lágbára láti dá a padà. Kó lè dá yín lójú, ẹ dé nípù, ẹ tẹ bíréèkì kó tún há, kí ẹ wá tú páìpù irin tó wọ họ́ọ̀sì láti iwájú. Bí táyà bá rọ̀ níbẹ̀, họ́ọ̀sì kò lẹ́bi, iwájú ni kí ẹ wá. Bó bá ṣì le, àfi ìgbà tí ẹ tú nípù ló tó rọ̀, họ́ọ̀sì ni. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lápá méjèèjì.

Bí nípù kò bá yí nǹkan kan padà, ẹ ṣí dúrọ́ọ̀mù. Bí kò bá jáde, ẹ má fi hámà pa á: ihò méjì wà lójú rẹ̀ fún bóòtù tẹ́ẹ́rẹ́ mílímítà 8, ẹ máa dè wọ́n díẹ̀díẹ̀, tibí tọ̀hún, yóò sì ti ara rẹ̀ jáde. Omi ọṣẹ ni kí ẹ fi nu ekuru, ẹ má fẹnu fẹ́ ẹ, nítorí ekuru bíréèkì kò dáa fún ẹ̀dọ̀fóró. Nítorí pé ṣúù yín tuntun ni, ẹ wò bóyá sípíríǹgì àtijọ́ tó ti rọ̀ ni wọ́n dá padà, bóyá wọ́n fa àjọ́sítà eléyín náà (èyí tó ń ti ṣúù súnmọ́ dúrọ́ọ̀mù) jù, àti bóyá irin tí wáyà hàǹdíbíréèkì ń fà padà kan ara ṣúù pátápátá. Bí irin yìí bá dúró sójú ọ̀nà, wáyà tí a ò tíì dá láre ló há. Ẹ wo àwo ẹ̀yìn náà, níbi tí ṣúù ń gbà rìn: bó bá ti gbẹ́ kòtò sí i, ṣúù á máa há síbẹ̀. Ẹ fi gíríìsì tí kì í yọ́ nínú ooru pa á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kó má kan ojú ṣúù. Ẹ fi àtàǹpàkò ti písítìnì wiìlì sìlíńdà (èyí tí òróró ń gbà ti ṣúù) wọlé. Èyí tó bá kọ̀ tàbí tí òróró rin lábẹ́ rọ́bà rẹ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Nígbà wo wá ni ọ̀rọ̀ máásítà máa ń jẹ́ òótọ́? Nígbà tí ẹnìkan bá ti da òróró ẹ́ńjìnnì sínú ìgò òróró bíréèkì tó wà lórí máásítà. Gbogbo rọ́bà inú rẹ̀ á wú, á sì dí ihò tí òróró ń gbà padà. Ẹ bu òróró inú ìgò náà díẹ̀ sínú ife omi: DOT 3 (òróró bíréèkì gidi) á pò mọ́ omi, ti ẹ́ńjìnnì á léfòó. Bó bá léfòó, máásítà, wiìlì sìlíńdà, họ́ọ̀sì àti rọ́bà bíréèkì iwájú ni kí ẹ pààrọ̀ pọ̀, nítorí èyí tó bá ṣẹ́kù á tún ba tuntun jẹ́.

ÌBÉÈRÈ: Mo gbé ọkọ̀ kalẹ̀ fún oṣù méjì lásìkò òjò, ẹ̀yìn kọ̀ kò yí mọ́. (Òǹkàwé kan, Abẹ́òkúta)

ÌDÁHÙN: Ìpẹtà ló lẹ ṣúù mọ́ dúrọ́ọ̀mù, pàápàá bí ẹ bá fa hàǹdíbíréèkì sílẹ̀. Ẹ tú u, ẹ gbé ẹ̀yìn sókè, kí ẹ fi igi gbá eteetí dúrọ́ọ̀mù yíká. Bó bá tú, ẹ ṣí i kí ẹ nu ìpẹtà náà. Bí ẹ bá tún fẹ́ gbé e kalẹ̀ pẹ́, jíà àti òkúta lábẹ́ táyà ni kí ẹ lò, kì í ṣe hàǹdíbíréèkì.