Gìgísẹ̀ ń dun ọmọ mi, màmá sì fẹ́ pe teguntegun

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ gbà mí o. Leeds là ń gbé, a gbé ọmọ wálé sí Ògbómọ̀ṣọ́ fún ìsinmi. Ọmọ ọdún 11 ni. Ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù méjì ló ń gbá fún lọ́hùn-ún, ti ilé ìwé ṣìkẹta. A dé Tákìé tán, òun àtàwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tún ń gbá a lẹ́sẹ̀ lásán. Ní báyìí, tó bá jí, orí ọmọ ìka ẹsẹ̀ ló fi ń rìn lọ balùwẹ̀. Bàbá rẹ̀ ní ọ̀lẹ ni. Màmá mi ní teguntegun ni yóò bá wa fà á. Kí ni kí n ṣe?

*

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fà á. Toronto lèmi wà. Eré sísá ló kó irú ẹ̀ bá ọmọbìnrin mi.

Ẹ fi ìka méjì tẹ gìgísẹ̀ náà lọ́tùn-ún lósì lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹ ṣe ń tẹ máńgòrò wò bóyá ó ti rọ̀. Bó bá ta kìjí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ohun tí dókítà ń pè ní Sever's. Eegun ọmọdé ní ibi tó ṣì rọ̀ bí etí, ibẹ̀ ló ti ń gùn. Eegun ń sáré gùn, iṣan ẹ̀yìn ojúgun ò tètè bá a, ó wá ń fa gìgísẹ̀ bí okùn ìsáṣọ tí wọ́n so le jù. Ẹ wo ṣòkòtò rẹ̀, ṣé kò ti gòkè kúrò lọ́rùn ẹsẹ̀? Ọ̀lẹ kọ́ o, ẹ bá mi sọ fún bàbá ẹ̀.

Ìsinmi loògùn ẹ̀. Wákàtí eré lọ́sẹ̀ kò yẹ kó ju iye ọdún ọmọ lọ. Ẹ ro ti ẹgbẹ́ méjèèjì àti ilé ìwé pọ̀ wò. Ẹ fi aṣọ wé omi dídì, kẹ́ ẹ gbé e lé e fún ìṣẹ́jú 15. Bàtà tó ga díẹ̀ ní gìgísẹ̀ ni kó máa wọ̀. Bí màmá bá fẹ́ fi òrí pa á lẹ́sẹ̀, kò burú, kí ọwọ́ wọn ṣáà rọ̀.

Bó bá ń dùn ún lóru, tó wú, tàbí tí ara rẹ̀ gbóná, ẹ gbé e lọ bá dókítà níbẹ̀. Jẹ́nótáìpù rẹ̀ ńkọ́? Ẹ má bínú, eegun ọmọ SS náà máa ń dùn, ìyẹn kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù.

Físíò tiwa, ìyẹn ẹni tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú iṣan àti eegun, ní kí ọmọ mi tó padà sórí pápá, kó lè fi ẹsẹ̀ kan fò nígbà 20 láì fajú ro. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìkẹfà ló ti jókòó.